Ta Ló Rí Ìlú Tó Sọnù? Bí Lésà àti AI Ṣe Wọnú Iṣẹ́ Àwọn Awalẹ̀pìtàn

Lọ́dún 2024, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: wọ́n ti rí ìlú ńlá kan tó sọnù sínú igbó ní Mẹ́síkò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "AI tún ti gbé tirẹ̀ dé o!" Mo ka ìròyìn náà látòkè délẹ̀, n kò rí AI kankan níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo rí, Luke Auld-Thomas, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà ní Yunifásítì Tulane ní Amẹ́ríkà, tó ń wá nǹkan kiri lórí Google. Ó wá a títí ó fi dé nǹkan bí ojú ewé kẹrìndínlógún. (Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló ti kọjá ojú ewé kejì rí?) Ibẹ̀ ló ti bá àwòrán ilẹ̀ kan pàdé tí àjọ kan ní Mẹ́síkò ti yà láti òfúrufú lọ́dún 2013, nítorí ọ̀rọ̀ igbó àti àyíká. Igi ni àwọn tó yà á ń wò. Auld-Thomas wo àwòrán kan náà, ó rí pírámíìdì, ó rí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó rí ibi tí wọ́n sé omi sí. Nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo ohun ọwọ́ ènìyàn tó wà nínú àwòrán náà tán, ó jẹ́ 6,764. Àwọn Maya, ẹ̀yà kan tó ti ń gbé agbègbè náà láti ayé àtijọ́, ló kọ́ wọn. Wọ́n pe ìlú tó tóbi jù níbẹ̀ ní Valeriana, orúkọ ọ̀sà kan tó wà nítòsí. Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí títì ńlá tí mọ́tò ń gbà lójoojúmọ́.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan kọ́ ló ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá ti lọ́wọ́ sí ti di AI. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ríran wọ inú igbó yàtọ̀, èyí tó ń to ohun tí wọ́n rí jọ sórí máàpù yàtọ̀, èyí tó ń dá nǹkan mọ̀ nínú àwòrán náà tún yàtọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni AI, tí àwọn kan ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Bí a kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀, a ò ní mọ èyí tó yẹ ká gbà gbọ́ nígbà tí ìròyìn "ìlú tó sọnù" mìíràn bá tún dé, yóò sì dé láìpẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní lídà. Ẹni tó bá ti wọ oko kòkó tó gbó dáadáa lọ́sàn-án gangan á mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, síbẹ̀ oòrùn á máa yọ́ gba àárín ewé, á máa ṣe tótótó lórí ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀. Àlàfo tí oòrùn rí gbà yẹn náà ni lídà ń gbà. Wọ́n á so ẹ̀rọ náà mọ́ bàálù, hẹlikópítà tàbí dróònù, á máa ta ìmọ́lẹ̀ lésà sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á lọ kan nǹkan, á ta padà sókè, ẹ̀rọ á sì ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá kò ṣàjèjì, ó tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣirò kékeré ló kù kí a tó mọ bí ohun tó kàn ṣe jìnnà tó. Ọmọ tó ti pariwo lẹ́bàá àpáta rí, tó dúró kí gbohùngbohùn dá a lóhùn, ti mọ ìdajì ọgbọ́n náà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, orí ewé àti ẹ̀ka ló máa ń parí sí. Díẹ̀ ló ń kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ kì í ṣe díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ṣa àwọn tó kanlẹ̀ jọ, á da ti ewé nù, ohun tó bá ṣẹ́ kù á wá dà bí orí tí onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá: gbogbo àpá tó ti wà lábẹ́ irun láti ìgbà èwe á hàn síta. Ìpìlẹ̀ ilé tó ti wó á yọ gẹ́gẹ́ bí òkìtì onígun mẹ́rin. Ọ̀nà àtijọ́ á yọ gẹ́gẹ́ bí ilà tó tọ́ ju bí odò tàbí àfonífojì ṣe lè tọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà tan oòrùn ayédèrú sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń jẹ́ kí òjìji ebè gùn, kódà ebè tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pátápátá.

Ìyàtọ̀ tí èyí mú wá pọ̀. Ní Caracol, ìlú àwọn Maya kan ní orílẹ̀-èdè Belize, tọkọtaya awalẹ̀pìtàn kan, Arlen Chase àti Diane Chase, ti fi nǹkan bí ọdún 25 gé igbó, wọ́n ń fi okùn wọn ilẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí yà sórí máàpù kò ju 23 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Lọ́dún 2009, bàálù tó gbé lídà fò lórí ibẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó kárí 200. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n bá sunkún ná kí n tó yọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sí ìlú àtijọ́ Angkor ní Kàǹbódíà lọ́dún 2012. Lọ́dún 2018, wọ́n kéde pé ó ti fi àmì ilé àti odi tó lé ní 60,000 hàn lábẹ́ igbó Guatemala.

Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí náà, Karim Sadr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Witwatersrand lo lídà lórí àwókù kan ní Suikerbosrand, lẹ́bàá Johannesburg. Ìlú àwọn Tswana ni, Kweneng lorúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé àwókù olókùúta wà níbẹ̀, wọ́n ti rí i nínú àwòrán tí wọ́n yà láti bàálù ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bó ṣe tóbi tó. Abúlé káàkiri ni wọ́n pè é. Lídà fi hàn pé ìlú kan ṣoṣo ni, tí agbo ilé rẹ̀ lè tó 800. Ọ̀rọ̀ náà "ìlú tó sọnù" máa ń bí mi nínú díẹ̀ nítorí irú èyí. Ta ló sọ ọ́ nù? Àwọn ọmọ Tswana kò sọ Kweneng nù.

Bí a bá ti rí àwòrán tán, wọ́n á tò ó sórí máàpù orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn: odò, òkè, ọ̀nà, ibi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, máàpù tí àwọn òyìnbó yà láyé àtijọ́. Ẹ fojú inú wo pépà tó mọ́ gaara tí a tò lérí ara wọn, tí a lè yọ ọ̀kan kúrò tí a sì lè dá a padà. Iṣẹ́ yìí kì í dé inú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìtàn ti ń yí padà jù. Àpẹẹrẹ kan rèé. Lọ́dún 1934, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Poidebard, tó máa ń fi bàálù yàwòrán, tẹ̀wé jáde nípa odi ogun 116 tí àwọn ará Róòmù mọ sí ilẹ̀ Síríà. Ó ní ńṣe ni wọ́n tò ó láti àríwá sí gúúsù láti fi dènà àwọn ọ̀tá ìlà oòrùn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ fún ọdún tó sún mọ́ 90. Lọ́dún 2023, awalẹ̀pìtàn Jesse Casana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwòrán tí sátẹ́láìtì amí Amẹ́ríkà yà láàárín ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1980 wò, wọ́n rí 396 mìíràn. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n sórí máàpù, wọn kò tò ní àríwá sí gúúsù rárá; wọ́n tàn kálẹ̀ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn, bí ibùdó tí àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò lè máa sùn sí lójú ọ̀nà. Àwòrán amí, tí wọ́n yà nítorí ohun ìjà, ló tún ìtàn Róòmù kọ. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ inú àwòrán yẹn ni iṣẹ́ oko, ilé kíkọ́ tàbí adágún ìsédò ti bò mọ́lẹ̀ báyìí.

Ó wá kan AI.

Bí ìyá àgbà bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ewé jíjá, kò ní ka òfin sí i létí. Á mú ewé kan wá, á ní, "Efinrin rèé." Á mú òmíràn tó jọ ọ́ wá, á ní, "Èyí kì í ṣe é o." Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já efinrin láìbéèrè, kódà bí kò lè ṣàlàyé bó ṣe mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ AI nìyẹn. Wọ́n á kó àwòrán tí awalẹ̀pìtàn ti sàmì sí fún un, níbi tí ilé wà àti níbi tí kò sí. Kì í lóye ohun tí ilé jẹ́. Bí ilé ṣe ń hàn nínú àwòrán nìkan ló mọ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú pé kì í rẹ̀ ẹ́: ó lè wo àwòrán tí ènìyàn máa fi ọdún púpọ̀ wò, láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ ni ti Nazca, ní aṣálẹ̀ Pẹrú. Àwọn ará ibẹ̀ ayé àtijọ́ máa ń ká òkúta dúdú kúrò lórí ilẹ̀ kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ, wọ́n á fi yàwòrán ẹyẹ, ọ̀bọ, ènìyàn. Ó gbà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn olùwádìí tó rí 430 nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Masato Sakai ti Yunifásítì Yamagata ní Jàpáàn àti àwọn òṣìṣẹ́ IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, wá kọ́ AI bí àwọn àwòrán náà ṣe rí, wọ́n ní kó wo fọ́tò aṣálẹ̀ náà já. Láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi lọ wò ó lórí ilẹ̀, wọ́n rí 303 tuntun, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù September ọdún 2024. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹranko ńlá inú òkun tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe.

Àwọn tó kù sílẹ̀ yìí kéré, nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti ṣá débi pé ènìyàn lè rìn kọjá lórí wọn kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn máa ń fo apá kan ìtàn yìí: fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó jọ pé ó lè jẹ́ òótọ́, AI ti nawọ́ sí nǹkan bí ibi 36. Ènìyàn ló jókòó tó ń fagi lé ti irọ́. Ènìyàn ló wọ bàtà lọ sínú oòrùn. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ní Nazca, ọmọdé gun igi, ó sì rí nǹkan, àgbà ló kàn ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí kò bá sí àgbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kò dára. Lọ́dún 2016, ìròyìn kan gba gbogbo ayé kan pé ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan ní Kánádà ti rí ìlú Maya tuntun. Ó fi ìràwọ̀ wé ibi tí àwọn ìlú wọn wà, ó sì rí igun mẹ́rin kan nínú àwòrán sátẹ́láìtì níbi tó rò pé ìlú kan gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tó mọ agbègbè náà wò ó, wọ́n ní ó jọ oko tí wọ́n fi sílẹ̀. N kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbọ́n ju èmi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìròyìn jáde láìbi awalẹ̀pìtàn kan léèrè ni kí wọ́n dáhùn.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí AI ń ṣe tí kò ní í ṣe pẹ̀lú igbó tàbí aṣálẹ̀, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bú gbàù ní Ítálì lọ́dún 79, ó bo ìlú Herculaneum mọ́lẹ̀, títí kan ilé ọlọ́lá kan tó ní yàrá ìwé. Àwọn ìwé pápírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, tí wọ́n ká jọ bí ẹní, di èédú. Láti nǹkan bí ọdún 1750 tí wọ́n ti hú wọn jáde ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti tú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó bá tú u á rí eérú lọ́wọ́ rẹ̀.

Brent Seales, ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Kentucky, ní kí wọ́n má tú u mọ́. Kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ X-ray alágbára, kí kọ̀ǹpútà wá máa tú àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé èédú ni ìwé, èédú náà ni wọ́n fi ṣe tàdáwà. Dúdú lórí dúdú. Ní 2023, wọ́n gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀kan lára àwọn tó dáhùn, Casey Handmer, tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó rí i pé níbi tí tàdáwà wà, ojú ìwé náà sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Luke Farritor, akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún 21 ní Nebraska, fi ohun tí Handmer rí yẹn kọ́ AI. Ní October ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ kan odidi yọ láti inú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀ elésè-àlùkò. Nígbà tó di February 2024, òun, Youssef Nader àti Julian Schilliger gba ẹ̀bùn 700,000 dọ́là, wọ́n ti ka lẹ́tà tó lé ní 2,000. Ohun tí onímọ̀ ayé àtijọ́ tó kọ ìwé náà ń rò níbẹ̀ ni ìgbádùn: ṣé ohun tó ṣọ̀wọ́n ń dùn ju ohun tó pọ̀ lọ bí?

Ẹ kíyè sí i, ojú ènìyàn ló kọ́kọ́ rí ojú ìwé tó sán náà.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Bí bàálù fò lórí Ilé-Ifẹ̀ lónìí pẹ̀lú lídà tó dára jù láyé, ó lè fi odi àti yàrà hàn. Kò lè rí ìlẹ̀kẹ̀. Abidemi Babatunde Babalola ló wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ tó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú dígí náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ọwọ́, asẹ́ àti ìmọ̀ kẹ́mísìrì ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tó àgbàdo kan kò lè hàn láti òfúrufú.

Ṣùgbọ́n Eredo Sungbo lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde dà bí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe lídà. Odi àti yàrà ni, ó yí agbègbè ńlá ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi sì ń tó 20 mítà láwọn ibì kan. Igbó ti bò ó débi pé ẹni tó dúró nínú rẹ̀ kò lè rí ju ìwọ̀nba iwájú rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Patrick Darling fi rìn ín nígbà tó ń yà á sórí máàpù ní àwọn ọdún 1990. Láti ìgbà náà, ilé ń pọ̀ sí i, wọ́n ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀, ọ̀nà ń là á kọjá. Máàpù tó péye á jẹ́ ká mọ ibi tó ṣì kù àti ibi tó ti lọ.

Máàpù tó péye náà sì ni olè ń fẹ́. Ní Apamea ní Síríà, àwòrán sátẹ́láìtì tí wọ́n yà ṣáájú ogun àti lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ fi hàn bí àwọn awalẹ̀jalè ṣe gbẹ́ ihò sí ibẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná mú. Nítorí ìyẹn ni àwọn olùwádìí kan kì í fi ojúlé ohun tí wọ́n rí hàn gbangba, èmi náà sì fara mọ́ ọn.

Ti Eredo kò gba irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò pamọ́ rí. Bí ẹ bá dé Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n ní ibojì Bilikisu Sungbo wà, ẹ bi ẹni tó ń tajà létí títì pé ọ̀nà wo ló lọ sídìí yàrà. Yóò nàka sí i fún yín.